Àwọ̀n Tí Wọ́n Pè Ní Pàǹtí

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ jókòó lọ́hùn-ún yẹn. Ẹni tí iṣẹ́ bá ń kán lójú, kó lọ ṣe é kó padà wá, màá dúró dè é, nítorí ìtàn tí mo gbé lọ́wọ́ yìí kì í ṣe èyí tí à ń fi ìkánjú sọ. Ìtàn àwọ̀n kan ni mo ṣèlérí fún yín: àwọ̀n tí ìjì òkun lù bí ẹni lu aṣọ òfì, tí àwọn èèyàn kó dànù bí ìdọ̀tí, àti ọkùnrin kan tí kò jẹ́ kó kú. Dubai àti Sharjah ló ti ṣẹlẹ̀, nílẹ̀ Lárúbáwá, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ tiwa níhìn-ín ni gbòǹgbò rẹ̀ wà.

Sùnmọ́nù ni orúkọ ọkùnrin náà. Ọmọ Ẹbúté Ṣáwá ni, abúlé apẹja kan tó wà létí òkun lápá Ẹ̀pẹ́ kí òkun tó gbé e mì. Ẹ má wulẹ̀ wá a lọ, ẹ ò ní rí i. Níbi tí mọ́ṣáláṣí wọn wà nígbà náà, ẹja ló ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀ báyìí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, Sùnmọ́nù ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta. Síkiọ́rítì ni, lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ kan ní Dubai Investments Park, níbi tí wọ́n ti ń lọ ọ̀rá àti ike tó ti bàjẹ́ di wẹ́wẹ́ kí wọ́n lè fi ṣe tuntun. Rolla ní Sharjah ló ń sùn, àwọn mẹ́fà nínú yàrá kan, bẹ́ẹ̀dì lórí bẹ́ẹ̀dì, èyí tí wọ́n ń pè ní bedspace. Iṣẹ́ rẹ̀ kò le. Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá dé, á wo ìwé rẹ̀, á wo ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀, á buwọ́ lùwé, á gbé irin ẹnu ọ̀nà sókè. Bí ọkọ̀ kò bá sí, á jókòó sórí àga ike tó fi owó ara rẹ̀ rà, á máa wo eruku.

Ẹni tó ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì tó wà lókè tirẹ̀ ni Làmídì, ọmọ Mushin, tó ń ra páálí ìbòrí fóònù ní ọjà Deira ní Dubai tó ń kó o ránṣẹ́ sí Èkó. Ẹnu Làmídì kì í sinmi. Bó bá sùn gan-an, á máa dúnàá-dúrà lójú oorun.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, lẹ́yìn tí ooru ilẹ̀ náà ti fẹ́ máa rọlẹ̀, ìjì kan gbéra láàárín òkun, irú èyí tó ń pòyì bí ààjà, tí fífẹ̀ rẹ̀ tó odidi ìpínlẹ̀ kan. Cyclone ni wọ́n ń pè é lórí tẹlifíṣọ̀n. Dubai kò rí nǹkan kan bí kò ṣe òjò wínníwínní àti afẹ́fẹ́. Làmídì gorí òrùlé lọ ya fídíò, ó ní kí àwọn ará ilé máa gbàdúrà fún òun. Ṣùgbọ́n lódìkejì àwọn òkè, níbi tí ilẹ̀ ti kọjú sí òkun gbangba, ọ̀rọ̀ kọjá fídíò. Omi wọ abúlé àwọn apẹja. Ó gbé ọkọ̀ wọn lọ sínú oko dàbínù, ó rún àwọn ìgèrè onírin tí wọ́n fi ń dẹ ẹja bí ẹni rún páálí, ó wó ilé tí wọ́n ń kó yìnyín sí. Àwọn èèyàn yè é, ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́hun. Irinṣẹ́ wọn ni kò yè.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ Túsìdeè, ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́ta tò dé ẹnu géètì Sùnmọ́nù. Pàǹtí tí wọ́n gbá ní etí òkun ni wọ́n kó: ike, kẹ́ẹ̀gì, okùn tó ti já, àti àwọ̀n. Ó wo ti àkọ́kọ́, ó buwọ́ lù ú. Ó wo ìkejì, ó buwọ́ lù ú. Ó gun ẹ̀yìn ẹ̀kẹta, ó gbé kẹ́ẹ̀gì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Àwọ̀n kan wà lábẹ́ àwọn kẹ́ẹ̀gì níbẹ̀. Àwọ̀n fífà ni, irú èyí tí wọ́n ń fi ọkọ̀ tẹ́ yí ẹja ká tí ogún èèyàn á wá dúró lórí iyanrìn fà á wálẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Àwọ̀n tí òkun bá jù sílẹ̀ fúnra rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á lọ́ pọ̀ ni, kò ní lórí kò ní ìdí. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn fóòmù tó ń gbé e léfòó wà lápá kan, òjé tó ń fà á relẹ̀ wà lápá kejì, ẹnì kan sì ti fi okùn dè é nídìí nígbà mẹ́ta, ó ki ṣóńṣó okùn náà sábẹ́. Iyanrìn tútù kún ojú rẹ̀. Ní Ẹbúté Ṣáwá, bí ìjì bá ti jà tán, tí ọwọ́ kò tíì kan títú àwọ̀n, wọ́n á tò ó báyìí, wọ́n á rì í sínú iyanrìn tútù kí oòrùn má bàa sè é. Àwọ̀n tó sùn ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó ni ín ń bọ̀ wá jí i.

Sùnmọ́nù mọ̀. Ojú ẹsẹ̀ ló mọ̀. Àmọ́ àwọn ọkọ̀ mìíràn ti tò sẹ́yìn, awakọ̀ ọkọ̀ kẹta yìí, ará Pakísítáànì kan, sì ń fọn fèrè.

"Yalla, yalla! Ṣe kíá! Pàǹtí lò ń wò bí ìyàwó báyìí?"

Ló bá sọ̀ kalẹ̀, ló buwọ́ lùwé. Kò ju kó fi bíírò fa ìlà kan lọ. Ọkọ̀ wọlé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, kò lè jẹun. Kì í ṣe àwọ̀n àjèjì yẹn nìkan ló ń rí. Ó ń rí òmíràn.

Lọ́dún tí òkun kó ìyókù Ẹbúté Ṣáwá lọ, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Tòhíbù, bàbá rẹ̀, ló mọ àwọ̀n hun jù ní gbogbo èbúté yẹn. Bó bá jókòó sábẹ́ igi àgbọn, tí abẹ́rẹ́ onígi rẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀, àwọn ọmọdé á rò pé ó ń bá ọwọ́ ara rẹ̀ ṣeré ni. Àti àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fa àwọ̀n! Ó mà ṣe o, ẹ̀yin tí ẹ kò bá a. Àwọn obìnrin á ti kó ọpọ́n wá, èéfín ààrò ẹja á ti máa fẹ́ lọ́ọ́lọ́ọ́, onílé àti àlejò á bọ́ sídìí okùn. Ẹnikẹ́ni tó bá ti fọwọ́ kan okùn kí àpò àwọ̀n tó kan iyanrìn, ó ní ìpín nínú ẹja yẹn, bó ṣe owó orí ló wá gbà. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn tí àpò ti kan iyanrìn, kó máa wòran.

Nígbà tí gbogbo ìyẹn tán, Tòhíbù kó ìyàwó àti ọmọ lọ sí ìgboro Ẹ̀pẹ́. Yàrá kan péré ló rí gbà, síbẹ̀ ó tẹ́ àwọ̀n rẹ̀ sí igun, fóòmù lọ́tùn-ún, òjé lósì. Ìyá Sùnmọ́nù ń pè é ní ìyàwó kékeré. Lọ́jọ́ kan tí bàbá lọ kí ẹbí, Sùnmọ́nù mú ọ̀bẹ. Òkun ti gba abúlé, kí ni àwọ̀n ń gbà wọ́n láyè fún? Ó gé apá kan fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí wọ́n fi ṣe ẹnu góòlù, ó sì fi èyí tó kù ṣe ọgbà fún adìẹ ìyá rẹ̀. Nígbà tí Tòhíbù dé, ó dúró ti ọgbà adìẹ yẹn pẹ́. Sùnmọ́nù ti ń múra sílẹ̀ de ìgbájú. Bàbá kàn ki ìka kan bọ ojú àwọ̀n kan.

"Ó dáa," ló wí. "Ó ṣì ń ṣiṣẹ́."

Ó wọlé lọ. Kò mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ àwọ̀n mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé bá a. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n rèé, ìgbájú tí kò jẹ yẹn ṣì ń dun Sùnmọ́nù lẹ́rẹ̀kẹ́.

Ní ọjọ́ kejì, ó lọ bá ọ̀gá tó ń bójú tó ẹ̀rọ, ará Íńdíà kan tó máa ń jẹ ẹ̀pà láti àárọ̀ dalẹ́.

"Ọ̀gá, àwọ̀n tó wọlé lánàá yẹn, kì í ṣe pàǹtí. Ó ní ẹni tó ni ín."

"Ta ni?"

"N kò tíì mọ̀ ọ́n."

Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín títí ẹ̀pà fi há a lọ́fun. "Ìwọ lo buwọ́ lù ú pé pàǹtí ni. Wọ́n ti wọ̀n ọ́n, ọgọ́sàn-án kílò. Àárọ̀ Sátidé la máa lọ àwọn àwọ̀n. Bí ọgọ́sàn-án kílò bá dín, èmi ni wọ́n máa bi." Ó ha ẹ̀pà mìíràn sẹ́nu, ó wo ojú Sùnmọ́nù, ó rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ẹ̀rín. "Ó dáa. Mú ẹni tó ni ín wá, kí o sì mú ọgọ́sàn-án kílò ike mìíràn wá dípò rẹ̀. Ẹ̀rọ kò mọ orúkọ ohun tó ń jẹ. Bí kò bá ti wà níbí ní aago mẹ́jọ Sátidé, khalas, ó parí nìyẹn."

Ọjọ́ Tọ́sìdeè ni ìsinmi Sùnmọ́nù. Ó ti ya fọ́tò ìdí okùn àwọ̀n náà, níbi tí wọ́n ti fi òwú pupa so kókó mẹ́rin tẹ̀lé ara wọn. Orúkọ abúlé wà nínú ìwé awakọ̀. Ó wọ bọ́ọ̀sì ní Rolla, ó la àárín òkè kọjá, nígbà tí ọ̀nà sì yí bìrí lẹ́ẹ̀kan, òkun là sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Òórùn iyọ̀ àti ẹja gbígbẹ gba ojú fèrèsé wọlé. Kò mọ ìgbà tó dìde dúró nínú bọ́ọ̀sì.

Etí òkun náà mọ́ tónítóní, mímọ́ tó ń bani lẹ́rù. Bàbá arúgbó kan jókòó sórí ìdí ọkọ̀ tó dojú dé, ó ń wo omi. Khamis lorúkọ rẹ̀. Sùnmọ́nù kí i, ó na fóònù sí i. Bàbá náà mú un sún mọ́ imú, ó fi ìka ka kókó pupa náà, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin.

"Ìyá àgbà mi rèé," ló wí ní Lárúbáwá. "Ibo lo ti rí ìyá àgbà mi?"

Sùnmọ́nù bú sẹ́rìn-ín, omi sì lé sí i lójú. "Bàbá mi ní tirẹ̀, ìyàwó kékeré ni ìyá mi ń pè é."

Lárúbáwá Sùnmọ́nù kò gún, ṣùgbọ́n ọwọ́ àti ojú bá wọn parí èyí tó kù. Khamis ṣàlàyé. Lẹ́yìn ìjì, òun tẹ́ àwọ̀n, òun rì í sínú iyanrìn, òun lọ sọ́dọ̀ ọmọ òun obìnrin lórí òkè títí omi fi máa gbẹ nílé. Ọjọ́ mẹ́fà péré. Àwọn agbálẹ̀ tí wọ́n gbà níṣẹ́ kò mọ̀ ju iyanrìn tó wú sókè lọ. "Kò sẹ́ni tó bi wá. Wọ́n gbá a mọ́ kí ó lè dára lójú."

"Ẹ kò ní òmíràn ni?"

"Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la hun èyí. Ẹ̀gbọ́n mi ti kú. Ẹja wẹ́wẹ́ máa dé láàárín oṣù kan. Bí kò bá bá àwọ̀n, á kọjá lọ." Ó tọ́ka sí ilé kan tó tì pa. "Ọmọ iṣẹ́ mẹ́fà ni mo ní. Ọ̀kan ti lọ sí Abu Shagara ní Sharjah, ó ń fọ mọ́tò níbi tí wọ́n ti ń ta mọ́tò. Apẹja! Omi inú bọ́kẹ́ẹ̀tì ló ń fọwọ́ bọ̀ báyìí. Àwọn márùn-ún ń wo ojú mi. Bí mi ò bá fa àwọ̀n lọ́dún yìí, wọ́n á tú ká, mi ò sì ní rí wọn kó jọ mọ́."

"Ẹ wá ní Sátidé, kó tó di aago mẹ́jọ," ni Sùnmọ́nù wí. Ó kọ àdírẹ́sì sílẹ̀ fún un. Inú bọ́ọ̀sì tó ń padà lọ ló ti rántí pé òun kò ní ike kan ṣoṣo.

Ní yàrá lọ́jọ́ Fúráídeè, lẹ́yìn ìrun, tí iṣẹ́ ti ṣíwọ́, Làmídì gbọ́, ó gbá orí mú.

"Ẹ̀gbọ́n! Láti Ẹ̀pẹ́ dé Dubai, pẹ̀lú visa, pẹ̀lú Emirates ID, kẹ́ ẹ wá máa ṣa ike? Wọ́n ń ṣa á ní Mushin, ẹ ò bá ti dúró!"

"Tí o bá fẹ́ yọ̀ mí, kọ́kọ́ wọ bàtà. À ń jáde lọ."

"Èmi kẹ̀? Abeg, ẹ̀yìn ń dùn mí."

"Ẹ̀yìn tó gorí òrùlé nínú ìjì?"

Làmídì wọ bàtà. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tú sí ìgboro Rolla. Ìgò omi kún àpò, ṣùgbọ́n ìgò omi kò wúwo. Àpò mẹ́wàá kò ju kílò ogún lọ. Làmídì ló ronú kan Àǹtí Sẹ̀kínátù, tó ń kó ẹrù láti Deira lọ sí Èkó, tí ìdí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kún fún àga ike tó ti kán àti àwọn dúrọ́ọ̀mù tó ti là.

"Ẹ fẹ́ kó o fi ṣe kí ni?" ni Àǹtí Sẹ̀kínátù bi wọ́n, ó gbọ́wọ́ lé ìbàdí.

"A fẹ́ fi gba àwọ̀n Lárúbáwá kan sílẹ̀ ni, mà," ni Sùnmọ́nù wí.

Obìnrin náà wò ó látòkè délẹ̀. "Àwọ̀n? Ẹ̀yin ọmọ yìí, ooru ti wọ̀ yín lórí." Síbẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló pe ọmọkùnrin onímọ́tò rẹ̀ kó bá wọn kó o dé Dubai Investments Park láàárọ̀ ọjọ́ kejì. "Bàbá tèmi náà, ọ̀sà ni wọ́n ti rí owó ilé ìwé mi," ló wí, ló bá yíjú sí oníbàárà.

Aago méje ààbọ̀ Sátidé, Khamis ti dúró lẹ́nu géètì nínú aṣọ funfun balau, bí ẹni tó wá gba ọmọ ní ọsibítù. Wọ́n to ike sórí òṣùwọ̀n. Àga, dúrọ́ọ̀mù, àpò ìgò. Ọ̀gá ẹlẹ́pà wo nọ́ńbà.

"Ó ku kílò mẹ́ta."

Wọ́n wo ara wọn. Làmídì bọ́ sálúbàtà rẹ̀ jù ú sí i. Nọ́ńbà kò mira dáadáa. Nínú ilé, ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Sùnmọ́nù rìn lọ sẹ́nu géètì, ó gbé àga ike rẹ̀, èyí tó fi ń jókòó láti ọdún mẹ́rin, ó gbé e lé òkè gbogbo rẹ̀.

Ọ̀gá náà wo òṣùwọ̀n, ó wo Sùnmọ́nù. "Orí kí ni wàá máa jókòó sí?"

"Màá dúró."

"Ọgọ́sàn-án," ni ọ̀gá náà wí. "Ẹ gbé e máa lọ." Ó bu ẹ̀pà fún Khamis.

Ṣùgbọ́n ní Tọ́sìdeè tó tẹ̀ lé e, nígbà tí Sùnmọ́nù bá wọn tẹ́ àwọ̀n sórí iyanrìn abúlé náà, wọ́n rí i pé irin ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù ti fa apá kan rẹ̀ ya, ihò tí màlúù lè gbà kọjá. Ojú Khamis ti ń ṣe bàìbàì, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ àwọ̀n fà, wọn kò mọ̀ ọ́n hun. Bàbá náà mú abẹ́rẹ́ onígi kan jáde láti inú àpò. Ó nà án sí ẹni tó bá fẹ́ gbà á.

Sùnmọ́nù gbà á. Kókó àkọ́kọ́ tú. Ìkejì wọ́. Ó dáwọ́ dúró, ó pa ojú dé, ó jẹ́ kí ọwọ́ fúnra rẹ̀ rántí: gba abẹ́, yí àtàńpàkò ká, fà á le. Ìkẹta dúró. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó bá wò ó á rò pé ó ń bá ọwọ́ ara rẹ̀ ṣeré ni. Ọjọ́ ìsinmi mẹ́ta gbáko ló fi wọ bọ́ọ̀sì lọ síbẹ̀. Ihò náà ń kéré sí i, títí ó fi ku ojú kan ṣoṣo.

Nígbà náà ló na abẹ́rẹ́ sí Khamis.

"Ó ti rẹ̀ ọ́ ni?"

"Rárá, Bàbá. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó ni àwọ̀n ní í so ojú tó kẹ́yìn. Mo ti bá bàbá mi hun tó ogún àwọ̀n, n kò so ojú ìkẹyìn rí."

Khamis rò ó díẹ̀. Ó ti abẹ́rẹ́ náà padà. "Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó jí i dìde ni. So ó."

Sùnmọ́nù tẹrí ba sórí àwọ̀n. Ó gba abẹ́, ó yí àtàńpàkò ká. "Tòhíbù ọmọ Ẹbúté Ṣáwá," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó fà á le. Lẹ́yìn náà ó ki ìka kan bọ ojú àwọ̀n náà, ó sì mì í.

Nígbà tí ẹja dé, Khamis ránṣẹ́ pè é, Làmídì sì bá a lọ. Ọmọ iṣẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà àti àwọn ará abúlé wà lórí okùn. Ẹni Abu Shagara ti fi bọ́kẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Sùnmọ́nù ká ṣòkòtò sórúnkún, ó bọ́ sáàárín wọn, okùn tútù gba àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń fà, orin tí wọ́n ń kọ kì í ṣe èyí tó mọ̀, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń mí kò yàtọ̀. Àpò àwọ̀n yọ, ó ń tàn bí fàdákà, ṣáwá ni, ṣáwá gan-an! Fídíò ni Làmídì ń yà. Ìgbà tó rí bí ẹja ṣe pọ̀ tó ló ju fóònù sápò tó sáré bẹ́ mọ́ okùn. Àpò ti kan iyanrìn, òfin ibẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ti Ẹbúté Ṣáwá.

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, Sùnmọ́nù jù. "Ìwọ máa wòran!" Nígbà pípín, Khamis fún Sùnmọ́nù ní ìpín méjì, ọ̀kan fún okùn, ọ̀kan fún abẹ́rẹ́. Ó mú ẹja kan ṣoṣo, ó fi lé Làmídì lọ́wọ́.

"Shukran," ni Làmídì fi dúpẹ́, bí ẹni tí wọ́n fún ní ìwé gbèsè.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ní Rolla, wọ́n dín ṣáwá jẹ ẹ̀bà, òórùn rẹ̀ gba gbogbo àjà ilé. Sùnmọ́nù pe ìyá rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, ó ní kí wọ́n gbọ́ bí ẹja ṣe ń ta nínú òróró. Ìyá gbé fóònù mọ́ etí, wọ́n ń gbọ́ ọ.

Làmídì yìí kan náà ló sọ ọ́ fún mi, nígbà tó wálé ọdún iléyá tó kọjá, lórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé wa. Ó ní ti Sùnmọ́nù dára, ṣùgbọ́n kí n bá òun dá a: nígbà tí òun fọwọ́ kan okùn, ṣé lóòótọ́ ni àpò náà ti kan iyanrìn, àbí omi ṣì wà lábẹ́ rẹ̀ díẹ̀?